Ìkúnlẹ̀ Nọ́ọ̀sì Nọ́síràtù

Ká sọ òdodo, kò sí iṣẹ́ tí Nọ́síràtù mọ̀ ọ́n ṣe tó ìkúnlẹ̀. Kí ó tó di nọ́ọ̀sì ni ó ti mọ̀ ọ́n, ní ilé wọn ní Òṣogbo, níbi tí ìyá rẹ̀, Alhaja Rùkáyà, ti ń ta aṣọ, tí bàbá rẹ̀, Alhaji Mikail, sì ti ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ó ti fi ìkúnlẹ̀ gba owó ilé-ìwé. Ó ti fi gba àyè láti lọ sí yunifásítì. Ó tilẹ̀ ti fi gba ìjókòó nínú ọkọ̀ Iléṣà kan rí, lọ́wọ́ awakọ̀ tó ti búra pé òun kò gbé èrò mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ó wá fi ìkúnlẹ̀ tọ́jú aláìsàn, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé obìnrin tó kàwé gboyè lórí ìtọ́jú ọkàn àti ọpọlọ kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ni ìkúnlẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, kí sì ni kò lè gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Àdúràgbèmí, olùkọ́bìnrin kan ní Ìwàrà, mú bàbá rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tí Nọ́síràtù ti ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà. Télọ̀ ni bàbá náà, Ọlágòkè lorúkọ rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún, kò sì sí agbo ilé kan ní Ìwàrà tí kò tíì rán aṣọ fún rí. Ó jókòó ṣánṣán lórí àga, ó gbé fìlà lé orúnkún.

“Kí ló ń ṣe yín, Bàbá?”

“A dúpẹ́.”

“Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?”

“A dúpẹ́.”

“Oúnjẹ ńkọ́?”

“Ọlọ́run ṣeun.”

Bó bá jẹ́ pé èsì wọ̀nyí nìkan ni a ó fi ṣe ẹ̀rí, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ dá tó Bàbá Ọlágòkè ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilé ìwòsàn ì bá sì gbà á síṣẹ́ kí ó máa bá wọn gbé àwọn aláìsàn.

“Wọn ò jẹ iyán mọ́,” ni Àdúràgbèmí wí.

Nọ́síràtù gbé bírò sílẹ̀. “Iyán?”

“Mo gún un, mo sebẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí n gbé e fún ará ilé kejì.”

Kò sí i nínú ìwé kankan tí wọ́n fún Nọ́síràtù kà pé kí Ìjẹ̀ṣà kọ iyán jẹ́ àmì àìsàn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Iléṣà tó láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀fọ́rí.

Bàbá wò ó. “Nọ́ọ̀sì, ọmọ ibo ni ọ́?”

“Òṣogbo ni, sà.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Bí o ṣe pe iyán yẹn, bí ẹni tó kàn ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ni.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà ni Àdúràgbèmí fi bojú tí ó fi fa nọ́ọ̀sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Bàbá ti fi máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn, ta Òkìkí lọ́rẹ, obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ifẹ̀wàrà. Ó sì ti sọ fún Àdúràgbèmí pé kí ó má wulẹ̀ ra aṣọ Kérésì fún òun, òun kò ní í lò ó.

Nọ́síràtù mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe. Wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ti yege nínú rẹ̀: ẹni tí o bá fura pé ó ń rò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, bi í ní tààrà. Ìbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Ilẹ̀kùn ló máa ń ṣí fún ẹni tí èrò náà ti há mọ́lé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká yege nínú ìdánwò, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ Alhaja Rùkáyà la ẹnu kó sì dárúkọ ikú sí bàbá olóríewú létí. Ó padà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ náà ká bí adìyẹ tí ń yí agbada tó gbóná ká.

“Bàbá, ṣé kì í ṣe pé, nígbà mìíràn, bí ìgbà tí nǹkan… kàn ń sú yín ni?”

“Ọmọ mi, ayé lọjà,” ni Bàbá wí, “ọ̀run lulé.” Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń pe ilé ló pè é. “Ẹni tó bá sì ti tajà tán, ó yẹ kó palẹ̀ mọ́.”

Òwe náà bọ́ sójú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí Nọ́síràtù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mi orí, bí a ti í ṣe nígbà tí àgbà bá pòwe. Ìgbà tí orí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó ta á. Ẹ̀rù bà á. Bí ẹ̀rù bá sì ba ènìyàn, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ló ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì.

“Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní í ṣe ara yín ní jàǹbá.”

Bàbá na ọwọ́ sí i kíákíá. “Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yẹn tutù. Mo ti gbọ́.”

“Ṣé ẹ ṣèlérí, sà?”

“Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́. Wàá bí ọmọ tí yóò kúnlẹ̀ fún ìwọ náà.”

“Àmín, sà.” Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó sọ fún Dókítà Waliyullah pé Bàbá ti ṣèlérí. Ọ̀dọ́ ni dókítà náà, àwọn aláìsàn sì tò dé ẹnu ọ̀nà. Ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kọ oògùn, ó ní kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí Nọ́síràtù fi dé Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́, òjò ń rọ̀. Ike kan wà láàárín pálọ̀, omi ń kán sínú rẹ̀ láti òkè. Alhaji Mikail ti sún àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ ojú jíjò náà, ó ń ka ìwé ìròyìn.

“Alhaji,” ni Alhaja Rùkáyà wí, “òrùlé yìí o.”

“Mo ti gbọ́. In ṣá Allah.”

Alhaja yíjú sí ọmọ rẹ̀. “O kò tíì wọ yunifásítì tí mo ti kúnlẹ̀ nítorí òrùlé yìí.”

Nọ́síràtù ń bu ẹ̀wà sí àwo. “Bàbá sì ṣèlérí, Màmá. Mo wà níbẹ̀.”

“Ta ló ṣèlérí? ‘Mo ti gbọ́’ ni wọ́n wí. O dàgbà tó báyìí, o ò tíì mọ ìyàtọ̀? Bí o bá kúnlẹ̀ fún ọkùnrin àgbà, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló máa sọ. Ohun tó máa mú ọ dìde ló máa sọ. Ojú ń tì í láti máa wò ọ́ nílẹ̀ ni.”

“Mò ń gbọ́ yín o,” ni Alhaji wí láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn.

“A mọ̀. Gbígbọ́ ni tiyín. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òrùlé náà wó kí ẹ tó dìde.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Nọ́síràtù. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Ọlágòkè ni ó ń rí, bó ṣe yára nà án. Ohùn rẹ̀ ni ó ń gbọ́, bó ṣe ní ilẹ̀ tutù. Bàbá náà kò purọ́ fún un. Ó kàn ṣe ohun tí ilé rere kọ́ ọ ni: ó gbé ọmọ ọlọ́mọ dìde nílẹ̀. Nọ́síràtù fúnra rẹ̀ ni ó mú àánú tí àgbàlagbà kan ní sí orúnkún òun, tí ó pè é ní ìlérí láti wà láàyè.

Ó gbé fóònù, ó pe Àdúràgbèmí. “Àǹtí, níbo ni Bàbá wà?”

“Wọ́n wà ní yàrá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan mọ́jú. Ẹ tẹ́ ẹní sọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má purọ́ pé nítorí ẹ̀fọn ni. Bí ohunkóhun bá kọ yín lóminú, ẹ mú wọn bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Dókítà wà níbẹ̀ ní òru. Màá wà lọ́dọ̀ yín láàárọ̀.”

Ó tún pe Dókítà Waliyullah. “Dókítà, ìlérí àárọ̀ yẹn, mo kúnlẹ̀ ni mo fi gbà á.”

Ó yé dókítà náà. Ọmọ Yorùbá lòun náà. “Ìyẹn ni pé a kò gba nǹkan kan.”

“A kò gba nǹkan kan.”

“Lọ rí wọn. Bó bá jẹ́ ohun tí o rò ni, mú wọn wá, bẹ́ẹ̀dì wà.”

Ní Ìwàrà, ilé Bàbá Ọlágòkè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ní ojúde. Ojú ibi tí máṣíìnì ti dúró ṣì hàn lórí sìmẹ́ńtì, ó mọ́ ju ilẹ̀ tó kù lọ. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́síràtù kúnlẹ̀, ó kí i, ó dìde, ó sì fa bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sún mọ́ ọn.

“Ìkúnlẹ̀ yẹn, ti ẹ káàárọ̀ ni, sà. Mi ò ní í kúnlẹ̀ mọ́ lónìí.”

“Orúnkún ń dùn ọ́?”

“Rárá, sà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ béèrè. Bí mo bá kúnlẹ̀ béèrè rẹ̀, ohun tó máa mú mi dìde ni ẹ máa sọ.”

Bàbá wò ó tìtì. “Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?”

“Màmá mi.”

“Ìyá rẹ ti wà nílé ọkọ pẹ́.”

“Ó ti pẹ́, sà.” Nọ́síràtù mí kanlẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ dìde dúró láti dí i lẹ́nu. Ó sì ní kí wọ́n jókòó. “Bàbá, ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín?”

Àdúràgbèmí, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ní “Nọ́ọ̀sì,” ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fọ́ àwo àlejò. Nọ́síràtù kò yíjú. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí a kò bá pe ikú, kò ní í mọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n èyí ti wọlé ṣáájú ìbéèrè. Ó ti jókòó sí ibi tí máṣíìnì wà tẹ́lẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń fi ọ̀wọ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bàbá wo ojú ibi tí máṣíìnì ti dúró.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Nọ́síràtù dúró síbi tó jókòó sí.

“O kò sá,” ni Bàbá wí.

“Ibo ni kí n sá gbà, sà? Ọ̀kadà tó gbé mi wá ti lọ.”

Nǹkan kan tó jọ ẹ̀rín gba igun ẹnu Bàbá kọjá. “Wọ́n ní ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè fún ẹni tó bá sọ irú rẹ̀.”

“Nọ́ọ̀sì ni ẹ sọ ọ́ fún. Dókítà ni mo máa pè, ojú yín ni mo sì máa ti pè é.”

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, díẹ̀díẹ̀, bí òwú tó ti lọ́ mọ́ra. Ojú rẹ̀ ń lọ. Kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni í máa bá a ti òwú bọ̀ ọ́ ní àárọ̀, ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò gún wọn mọ́ ìrọ̀rí kékeré kan de iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó náà sì ti kú. Láìpẹ́ yìí, ó rán apá aṣọ akọrin kan sódì.

“Ẹni tó ni ín kò bínú,” ni Bàbá wí. “Ó ní, ‘Ó dára, sà.’ Ó kí mi, ó mú un lọ. Bó bá bú mi ni, ǹ bá tú u, ǹ bá tún un rán. Ṣùgbọ́n ó ní ó dára. Mo wá rí i pé wọ́n ti ń ṣàánú mi. Ọmọ mi yìí náà, owó oṣù rẹ̀ kò tó o gbọ́ bùkátà tirẹ̀. Kí ni mò ń dúró ṣe?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀” ti dé góńgó ahọ́n Nọ́síràtù. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a kò bí gbólóhùn yẹn mọ́, a kì í sì í náwó kí a tó lò ó. Ó gbé e mì. Ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, òun náà ti di aláṣọ akọrin nìyẹn, tó ń sọ pé ó dára.

“Ó ti rẹ̀ yín gan-an, sà,” ni ó wí.

“Ó ti rẹ̀ mí.”

Lẹ́yìn náà ni ó tó bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà, bóyá ohun náà sì wà nílé. Bàbá fi ojú tọ́ka sí apá kan nínú yàrá. A kò ní í dárúkọ ohun náà níhìn-ín. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nọ́síràtù ní, “Ṣé kí Àǹtí gbé e kúrò? Bí èrò yìí bá dé, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń lọ. A fẹ́ kó dé bá ilé tó ṣófo.” Bàbá gbà. Àdúràgbèmí wọlé, ó gbé e, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé àbúrò bàbá rẹ̀.

Nọ́síràtù wá ìwé. Bàbá ní kó mú pépà tí òun fi ń gé bátánì, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà kí òun lè rí i. Wọ́n jọ kọ ọ́. Ìgbà wo ni èrò náà máa ń dé? Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará ọjà bá ń ti ṣọ́ọ̀bù. Kí ni Bàbá lè ṣe nígbà náà? Kó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí máṣíìnì wà, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ayò.

“Láti ta ayò, sà?”

“Láti bú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ta.”

Nọ́síràtù kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ta ni ó lè bá sọ̀rọ̀? Àdúràgbèmí. Òkìkí. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, àti ilé ìwòsàn, tọ̀sán-tòru. Ó kọ nọ́ńbà wọn.

“Ìlà rẹ wọ́,” ni Bàbá wí.

“Nọ́ọ̀sì ni mí, sà.”

“Mo rí i.” Ó fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀ náà. “O kò ní kí n ṣèlérí lónìí.”

“Rárá, sà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè lo ìwé yìí títí di Ọjọ́bọ̀.”

Bàbá rò ó, bí ẹni ń wọn aṣọ tí kò dá a lójú pé ó tó. “Di Ọjọ́bọ̀, mo lè. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ̀.”

“N kò mọ̀” yẹn dùn létí Nọ́síràtù ju gbogbo “mo ti gbọ́” tí ó ti ń gbà láti kékeré lọ. Kò sí àgbà tí í sọ ọ́ fún ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó pe dókítà lójú Bàbá, bó ti wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà Waliyullah fa àga, ó jókòó pẹ́. Ó dá Bàbá dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì sọ fún un láìfi bò pé oògùn ọkàn kì í yá bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó hàn. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ìyẹn ní ìmọ́lẹ̀ tó ti lọ kò ní í padà, ṣùgbọ́n oògùn kíkán wà tí yóò ṣọ́ èyí tó kù.

Nígbà tí Bàbá padà sílé, Nọ́síràtù ń pè é lóòrèkóòrè, òun náà sì ń wá sí ilé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀. Ìbéèrè kan náà ni nọ́ọ̀sì ń bi í, láìyí i ká.

“O ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn ni?” ni Bàbá máa ń wí. Lẹ́yìn náà ni yóò dáhùn. “Ó wá lánàá. Mo lọ sídìí ayò. Mo bú wọn dáadáa.”

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò dára rárá, tí ó fi sùn sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òmíràn sì wà tí ó dé pẹ̀lú ìbínú. Ó ti pe Òkìkí, bí ìwé ti wí, ó sì ti gbọ́ ohùn máṣíìnì nínú fóònù.

“Ó ń han bí ewúrẹ́,” ni ó wí. “Kò kán epo sí i. Mo fún ènìyàn ní máṣíìnì, ó ń fi ebi pa á.”

“Ẹ ti fún un ná, sà. Kí ló tún kàn yín?”

“Ó kàn mí.” Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nọ́síràtù kò fi ìka tọ́ka sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ní Òṣogbo, ó jókòó ti bàbá tirẹ̀, kò kúnlẹ̀. “Bàbá, ọjọ́ wo ni káfíńtà ń bọ̀ wá wo òrùlé?” Alhaji Mikail wá ìwé ìròyìn rẹ̀ títí, kò rí i; Nọ́síràtù ló jókòó lé e.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan tí Bàbá Ọlágòkè kò wá. Àga rẹ̀ ṣófo. Nọ́síràtù pe fóònù rẹ̀, ó dún títí, kò gbé e. Ó pe Àdúràgbèmí. Ìyẹn wà ní kíláàsì, kò gbé e. Nọ́ọ̀sì tún pe Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé e, ariwo kan sì kọ́kọ́ dé, ariwo irin tó ń sáré dọ́gba, tó ti jẹ epo yó.

“Bàbá? Níbo lẹ wà? Ọjọ́bọ̀ lòní.”

“Mo mọ̀. Ifẹ̀wàrà ni mo wà. Òkìkí ń rán aṣọ àwọn ọmọléèwé, bí n kò bá jókòó tì í, gbogbo wọn ni yóò máa fi ẹ̀yìn wọ kọ́là.”

Ohùn obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn: “Ẹ má dá wọn lóhùn, Nọ́ọ̀sì. Èmi ni mò ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn láti àárọ̀.”

Ẹsẹ̀ Nọ́síràtù fẹ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò gbà fún un.

“Béèrè ọ̀rọ̀ rẹ,” ni Bàbá wí, “kí o jẹ́ kí n ráyè.”

Ó béèrè rẹ̀, ní tààrà, bó ti máa ń ṣe.

Máṣíìnì dúró díẹ̀. “Lọ́sẹ̀ yìí, rárá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n kò mọ̀. Kí o béèrè nígbà náà.”

“Màá béèrè, sà. Ṣùgbọ́n dókítà fẹ́ rí yín lọ́la. Ṣé ẹ máa wá?”

“Mo ti…” Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó sì gé e síbẹ̀. Nọ́síràtù gbọ́ ọ tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. “Àárọ̀ ni màá wá. Aago mẹ́wàá. Kí o wá àga jókòó dè mí.”